Àrokò Lójú Ọ̀nà Ìperu: Ẹrù Tó Jẹ́ Pé Èdè Ló Lè Tú U



Kò sí ọ̀kan nínú wa tí wọn kò tíì bi ní ìbéèrè yìí rí: "Yorùbá lò ń kà ní yunifásítì? Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Bí olùbéèrè náà bá tiẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́, á tún fi kún un pé àwọn tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ẹ̀rọ, àwọn tó ń ka ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ló ń wádìí ohun àtijọ́, tiwa ò ju òwe àti oríkì lọ. Lọ́tẹ̀ yìí a ò ní bínú, a ò sì ní fi ẹnu lásán jà. Ìtàn la fẹ́ fi dáhùn.

Ìtàn náà dá lórí àrokò. A mú Ìperu ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ṣe ibi tí a ti máa wò ó, nítorí pé ìlú ojú ọ̀nà ni Ìperu, ojú ọ̀nà sì ni àrokò ti ń rìn. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: àrokò kì í ṣe owó ẹyọ àti okùn lásán. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi dì í. Ẹni tó bá ní owó ẹyọ náà lọ́wọ́ tí kò ní èdè náà, ẹrù ló gbà, kò tíì gba iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i.

Ìlú ojú ọ̀nà

Ìperu Akẹ̀sán wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Aláperu ni ọba ibẹ̀. Ògèrè, Ìlíṣàn, Ìkẹ́nnẹ́ àti Òde Rẹ́mọ kò jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni Ṣàgámù. Ẹni tó bá ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tàbí tó ń ti Ṣàgámù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, yóò gba ìtòsí rẹ̀ kọjá. Lónìí, pápákọ̀ òfurufú tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn kọ́ wà láàárín Ìperu àti Ìlíṣàn. Bí ọ̀nà ilẹ̀ ṣe ń kọjá níbẹ̀ náà ni ọ̀nà ojú ọ̀run ti wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí kì í ṣe tòní. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀nà tó ti Ìkòròdú gba ilẹ̀ Rẹ́mọ wọ Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀nà tí iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ẹ̀tù fi ń ti etí òkun wọ inú ilẹ̀. Ẹni tó bá di ọ̀nà náà mú ló di ọjà mú. Ìdí nìyẹn tí ogun Ìjàyè kò fi sùn nígbà tí Ìjàyè fọ́ ní 1862. Ṣe ni ogun náà ṣí wọ Rẹ́mọ. Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa ogun Ìperu nínú ìwé ìtàn rẹ̀, The History of the Yorubas, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn àwọn ìlú Rẹ́mọ tó ń bá a ṣòwò, Ẹ̀gbá dojú ìjà kọ wọ́n, ìjà náà sì dé Ìkòròdú. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun tí Glover rán láti Èkó ti tú àwọn Ẹ̀gbá ká ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1865. Ní 1872, àwọn ìlú Rẹ́mọ kan kóra jọ sójú kan, wọ́n di Ṣàgámù. Ìperu dúró sí àyè tirẹ̀.

Ẹ ro bí ìròyìn ṣe ṣe pàtàkì tó nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ṣé ọ̀nà là, àbí wọ́n ti dí i? Ṣé ọ̀rẹ́ ni ìlú tó wà níwájú, àbí ó ti yí padà? Ta ló fẹ́ ká parí ìjà? Ìwé kíkọ ti wà nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà. Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta láti 1859. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn wà fún àwọn tó lè kàwé, wọn kò sì pọ̀. Ọba, balógun, oníṣòwò àti ẹrú tó fẹ́ ránṣẹ́ sílé ní ọ̀nà mìíràn tí kò nílò ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé ìwé: wọ́n ń pa àrokò.

Nígbà tí àrokò wọ ìwé ìwádìí

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àrokò ní kíláàsì, a sábà máa ń ṣe é bí ẹni pé àwọn àgbàlagbà nìkan ló mọ̀ nípa rẹ̀, tí kò sí àkọsílẹ̀ àtijọ́. Àkọsílẹ̀ wà. Charles Andrew Gollmer, ọmọ Jámánì tó bá ìjọ CMS ṣiṣẹ́ ní Àgbádárìgì àti ní Èkó, ṣàlàyé àrokò fún àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà sínú jọ́nà wọn ní 1885. Ní 1887, jọ́nà yẹn kan náà tún gbé iṣẹ́ mìíràn jáde lórúkọ G. W. Bloxam, ṣùgbọ́n ẹni tó kó àwọn àrokò inú rẹ̀ jọ, tó sì túmọ̀ wọn, kì í ṣe òyìnbó. John Augustus Otonba Payne ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Payne, òun sì ni ọ̀gá akọ̀wé ilé ẹjọ́ gíga ní Èkó. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ka ìtàn Èkó mọ ìwé ọdọọdún rẹ̀ tó ń tẹ̀ jáde láti 1874.

Orúkọ Payne yìí yẹ kó dá wa dúró díẹ̀. Lára àrokò tó fi ránṣẹ́ ni èyí tó ní Awùjalẹ̀ fi ránṣẹ́ àlàáfíà sí Ọba Èkó lẹ́yìn tí wọ́n dá ọba náà padà sórí ìtẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún 1851. Rẹ́mọ wà lábẹ́ Awùjalẹ̀ nígbà náà, ọ̀nà Rẹ́mọ sì wà lára ohun tí irú àlàáfíà bẹ́ẹ̀ máa kàn. Kì í ṣe àjèjì tó ń wo ohun ìyanu ló túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ onílé ni, tó gbọ́ èdè, tó mọ̀wé, tó sì mọ bí ọba ṣe ń bá ọba sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ onímọ̀ èdè Yorùbá ní yunifásítì nígbà yẹn, torí pé kò sí yunifásítì. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí Payne ṣe ni iṣẹ́ tí à ń sọ pé tiwa ni: ó gbé ohun èlò àti ọ̀rọ̀ sójú kan náà.

Ẹ jẹ́ ká tú ẹrù náà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn. Bí wọ́n bá so owó ẹyọ méjì pọ̀, tí ojú wọn kọjú síra, ìbátan àti ìpàdé ló ń sọ. Bí wọ́n bá so wọ́n lẹ́yìn kọ ẹ̀yìn, ìyapa àti ọ̀tá ni. Ẹni tó ń kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì yóò ní àwọn Yorùbá mọ àwòrán yà. Ṣùgbọ́n kí là ń sọ nípa ọ̀rẹ́ méjì tó jà? À ń sọ pé wọ́n ti kẹ̀yìn síra wọn. Owó ẹyọ náà kò ya àwòrán ìjà. Ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu wa ló gbé jáde.

Èyí tó tún le jù ú lọ ni ti iye. Ní Ìjẹ̀bú, owó ẹyọ mẹ́fà lórí okùn ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, kí ọkàn tìrẹ náà fà sí mi. Kí ló so mẹ́fà pọ̀ mọ́ ìfẹ́? Kò sí nǹkan kan, àfi bí o bá mọ̀ pé ẹ̀fà ni orúkọ iye náà, pé "fà" sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tó gbà á bá gbà fún un, owó ẹyọ mẹ́jọ ni yóò fi dá a lóhùn, torí pé ẹ̀jọ ni: ọ̀rọ̀ wa jọ, a jọ wà níbẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Faransé tàbí ní Lárúbáwá. Kò ní ṣiṣẹ́. Mẹ́fà wọn kò fa ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún wo àmì ohùn. Nínú àkọsílẹ̀ tí kò ní àmì, "ejo" lè jẹ́ ejò tó ń fà nílẹ̀, ó lè jẹ́ ẹjọ́ tí wọ́n ń rò ní kóòtù, ó sì lè jẹ́ ẹ̀jọ tó jẹ́ iye. Ẹni tó bá gba àrokò olówó ẹyọ mẹ́jọ tó wá kà á sí ẹjọ́, á ti máa wá lọ́yà, nígbà tí wọ́n ń fẹ́ ẹ sọ́nà. À ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n irú àkọsílẹ̀ tí kò fàmì sórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn òyìnbó ọ̀rúndún náà fi sílẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ wa fi ń da orí wa láàmú ní ọdún kìíní, àmì òkè, àmì ìsàlẹ̀, àmì àárín, òun ni kọ́kọ́rọ́ àpótí náà.

Lẹ́tà láti ìgbèkùn

Nínú gbogbo àrokò tó wà lákọsílẹ̀, ọ̀kan wà tí a kì í lè kà tán láìdákẹ́. Gollmer sọ nípa ọkùnrin kan tó wà ní ìgbèkùn ní Dahomey, tó ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀. Ohun márùn-ún ló wà nínú ẹrù náà: òkúta, èédú, ata, àgbàdo yíyan àti àkísà.

Gollmer ní láti ṣàlàyé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀: bí òkúta ṣe le ni ara ọkùnrin náà ṣe le, bí èédú ṣe dúdú ni ọjọ́ iwájú rẹ̀ ṣe ṣú, bí ata ṣe gbóná ni ọkàn rẹ̀ ṣe ń jó, bí iná ṣe gbẹ àgbàdo ni ìyà ti gbẹ ẹ́ lára, bí àkísà ṣe rí ni aṣọ ọrùn rẹ̀ rí. Àlàyé náà tọ́. Ṣùgbọ́n lédè Gẹ̀ẹ́sì, àfiwé márùn-ún ni, tí èèyàn sì lè máa bi ara rẹ̀ pé èwo ni òkúta ń ṣe láàárín wọn.

Ẹ wá fi etí Yorùbá gbọ́ ọ. Tá a bá pàdé ara wa ní àárọ̀, kí là ń béèrè? "Ṣé ara le?" Ìyàwó tó di òkúta yẹn mú kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀. Ara le. Ọkọ òun ṣì wà láàyè. Lẹ́yìn náà ló wá kan èédú: ó ṣókùnkùn. Ó kan ata: ọkàn gbóná, inú ń ta. Ó kan àgbàdo: a máa ń sọ nípa ẹni tó rù pé ó ti gbẹ. Ó kan àkísà: aṣọ ti gbó. Gbólóhùn márùn-ún ni, kì í ṣe àfiwé márùn-ún. Ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀ àpèjúwe wọn wà nínú ohun èlò náà, ẹni tó gbà á ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ pè wọ́n jáde.

Ẹ sì wo bí Gollmer ṣe to àwọn nǹkan náà. Òkúta ló ṣíwájú. Ẹ rántí lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀ tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé: kí o tó sọ ìṣòro rẹ, kọ́kọ́ sọ pé ara rẹ le, kí ọkàn ẹni tó ń kà á lè balẹ̀. Bí àwa ṣe kà á nìyí: ọkùnrin tó wà nínú ẹ̀wọ̀n, tí aṣọ rẹ̀ ti di àkísà, kò gbàgbé ìkíni. Bí èyí kò bá jẹ́ lítíréṣọ̀, a ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wò ó lọ́nà ti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀ṣọ́ tó ń sọ èdè Fọ̀n, tó bá tú ẹrù náà lójú ọ̀nà, pàǹtírí ilé ìdáná ni yóò rí. Àwọn tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà máa ń sọ fún wa pé bí a bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ tí àárín ọ̀nà kò ní. Níhìn-ín, èdè àti ìgbéyàwó ni kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó gbé e lọ pàápàá lè má mọ ohun tó gbé.

Èyí tó ṣì wà lójú ọ̀nà

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tó ti kú là ń sọ. Ní Rẹ́mọ, títí kan Ìperu àti àwọn ìlú tó yí i ká, bí o bá rí màrìwò lẹ́nu ọ̀nà kan, o mọ̀ pé ọ̀nà yẹn kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Orò, Elúkú àti Agẹmọ wà ní ilẹ̀ náà, màrìwò sì ni ìwé ìkìlọ̀ wọn. Púpọ̀ nínú àwa tó ń kọ àpilẹ̀kọ yìí jẹ́ obìnrin. A ò lè wọ igbó Orò, a ò sì ní in lọ́kàn. Ṣùgbọ́n a ò nílò àtiwọ igbó kí á tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa màrìwò. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi í sí, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè kà á.

Ààlè náà ṣì wà. Ẹni tó bá kó igi ìdáná jọ sẹ́bàá ọ̀nà, tó fẹ́ kí olè yà kúrò nídìí rẹ̀, á fi ṣùkù àgbàdo, ìgbálẹ̀ àlòkù, bàtà tó ti já tàbí ìkarahun ìgbín kọ́ ọ lórí. David Doris, ará Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ onímọ̀ iṣẹ́ ọnà, kọ odindi ìwé lórí ààlè. Vigilant Things ni wọ́n ń pe ìwé náà, 2011 ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun tó mú kí ìwé náà wúlò ni pé kò wo ààlè bí ère tó rẹwà. Ó gbà pé pàǹtírí ni wọ́n fi ṣe é, ó wá bi àwọn tó ń lò ó pé kí ló ń wí. Ìdáhùn wọn kún fún òwe, èpè àti eré ọ̀rọ̀. Ṣùkù tó ti tán lórí kò ní itumọ̀ kankan títí ẹnìkan fi máa sọ pé bí wọ́n ṣe jẹ gbogbo ọmọ orí rẹ̀ tán nìyẹn.

Ẹni tó bá sì ti rin ìrìn àjò gba àwọn ọ̀nà oko wa ti rí ọjà tí kò ní olùtà: iṣu tàbí ọsàn tí wọ́n pa tẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń sọ iye owó. Oníṣòwò kò sí níbẹ̀. Òkúta ló ń ná ọjà fún un.

Aṣọ tó rìn, tí orúkọ rẹ̀ kò bá a rìn

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ohun èlò bá rìn jìnnà, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá a lọ? Ẹ wo aṣọ olónà ti Ìjẹ̀bú. Aṣọ híhun ni, tí wọ́n ń fi òwú gbé ọnà sójú rẹ̀, tí àwọn olóyè àti àwọn Òṣùgbó ń lò. Lisa Aronson ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, ó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde nínú jọ́nà African Arts ní 1992. Láti ayé àtijọ́, àwọn oníṣòwò gbé aṣọ yìí gba ojú omi dé ẹnu odò Ọya, dé ọ̀dọ̀ àwọn Kalabari àti àwọn ará ìtòsí wọn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di aṣọ ìdílé ńlá, wọ́n sì fún un ní orúkọ lédè tiwọn: ikakibite, ìyẹn aṣọ ìjàpá.

Àwọn Kalabari kò ṣe àṣìṣe kankan. Aṣọ dé ọ̀dọ̀ wọn láìsí àlàyé, wọ́n sì ka ohun tí ojú wọn rí. Ohun tó ń yọ wá lẹ́nu ni pé ó lè ṣẹlẹ̀ sí wa nílé. Ọmọ Rẹ́mọ tí kò mọ orúkọ ọnà ara aṣọ tí bàbá rẹ̀ àgbà dà bora kò yàtọ̀ sí ẹni tó rà á ní ẹ̀bá omi. Ó tiẹ̀ burú jù, torí pé ẹni yẹn fún un ní orúkọ mìíràn. Tiwa kò ní orúkọ rárá.

Ẹ̀rọ náà ń béèrè ọ̀rọ̀

Àwọn kan lè sọ pé kọ̀ǹpútà yóò ṣe gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. A fẹ́ràn láti máa sọ pé Ifá jọ kọ̀ǹpútà, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dé, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 256 Odù. Iye yẹn kan náà ni byte kan lè gbà nínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ babaláwo bóyá iye 256 ni Ifá. Á rẹ́rìn-ín. Nọ́ńbà ń tọ́ka sí Odù ni, ẹsẹ ló ń sọ̀rọ̀. Ní Òde Rẹ́mọ, tí kò jìnnà sí Ìperu, D. Onadele Epega lo ọ̀pọ̀ ọdún láti kọ ọ̀rọ̀ Ifá sílẹ̀, ó sì tẹ ìwé rẹ̀, The Mystery of the Yoruba Gods, jáde ní 1932. Ohun tó gbà pamọ́ kì í ṣe ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni.

Bákan náà ló rí lórí ẹ̀rọ òní. Kò sí àmì kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó dúró fún "ẹ́" tàbí "ọ̀". Lẹ́tà kan ni, àmì ohùn sì jẹ́ ọ̀tọ̀ tí wọ́n gbé lé e. Ẹni méjì lè tẹ ọ̀rọ̀ kan náà ní ọ̀nà méjì, kí ojú rí i bákan náà, kí ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀rọ̀ sì sọ pé òun kò rí i, bí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà kò bá ti ronú nípa rẹ̀. Àwọn tó ń jà lójú ogun yìí, bí Túndé Adégbọlá àti ilé iṣẹ́ Alt-i ní Ìbàdàn, tàbí Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ní Ifẹ̀, tó kọ́ ẹ̀rọ láti ka Yorùbá sókè, onímọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n. Síbẹ̀, ibi tí iṣẹ́ wọn ti le jù ni ibi tí tiwa ti bẹ̀rẹ̀: ohùn. Ẹ̀rọ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ejò, ẹjọ́ àti ẹ̀jọ kò lè ka owó ẹyọ mẹ́jọ láéláé, bó ti wù kí fọ́tò rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó.

Iṣẹ́ tó kù

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ wà. Àrokò wà nínú àpótí gíláàsì ní ilẹ̀ òkèèrè, tí àkọlé rẹ̀ kò ju "owó ẹyọ lórí okùn" lọ. Àwọn tó lè kà wọ́n ṣì wà ní Ìperu, ní Ìsarà, ní Ògèrè, ní abúlé rẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ń dàgbà. Ọdọọdún la ń yan àkòrí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá, tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń tún ohun tí ẹlòmíràn ti ṣe ṣe. Ẹ jẹ́ ká dá a ní àbá báyìí.

Ìkíní, tí o bá lọ sílé ní ìsinmi, mú ohun èlò kan ṣoṣo, kì í ṣe gbogbo àṣà. Ó lè jẹ́ ààlè kan, ọnà kan lára aṣọ, tàbí iye owó ẹyọ kan. Lọ kí àgbàlagbà kan, kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ, kí o sì béèrè kí o tó tẹ fóònù rẹ láti gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní má gbà á, má gbà á.

Ìkejì, má béèrè pé, "Kí ni itumọ̀ rẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ló ń mú kí àwọn èèyàn fún wa ní ìdáhùn kúkúrú bí ti ìdánwò. Béèrè pé, "Kí lẹ máa ń pè é? Kí ni wọ́n máa ń sọ tí wọ́n bá fẹ́ fi í lélẹ̀? Ta ni kò gbọ́dọ̀ rí i gbà?" Orúkọ ni kí o kọ́kọ́ gbà. Gbà á ní ẹ̀ka èdè Rẹ́mọ bí wọ́n ṣe pè é, má sọ ọ́ di Yorùbá àjùmọ̀lò kí o tó kọ ọ́ sílẹ̀, torí pé eré ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ lè wà nínú ohùn ẹ̀ka èdè yẹn nìkan.

Ìkẹta, fàmì sí gbogbo rẹ̀. Ya fọ́tò rẹ̀, wọn gígùn rẹ̀, kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é sílẹ̀. Wá ọ̀rẹ́ kan ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀ka ìwalẹ̀pìtàn, kí ẹ jọ ṣe é. Òun yóò mọ ohun tí ìwọ kò mọ̀ nípa okùn àti nípa fáìlì. Ìwọ yóò mọ ìdí tó fi jẹ́ mẹ́fà, tí kì í ṣe márùn-ún.

Ìkẹrin, ohun tó bá jẹ́ ti awo, fi í sílẹ̀ fún awo. Àrokò tó wà fún gbogbo ènìyàn ti pọ̀ tó fún iṣẹ́ wa, a ò sì tíì ṣe ìdajì rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. A ti máa ń ka òwe yìí bí ọ̀rọ̀ ìwà. Tí a bá wò ó dáadáa, ó tún ń sọ bí àrokò ṣe ń ṣiṣẹ́: ààbọ̀ wà nínú ohun èlò, ààbọ̀ wà nínú ẹni tó gbà á. Payne ti gbé ààbọ̀ kan sínú ìwé láti 1887. Ààbọ̀ kejì wà lẹ́nu àwọn tó ń sọ èdè yìí, àwa tí wọ́n ń bi pé kí la fẹ́ fi Yorùbá ṣe sì wà lára wọn. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí láàárín ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa ibi tí ẹ bá a dé, kí a lè gbà á níbẹ̀.